Eyín Nìkan Ni Yèyé Ń Rí

“Ta ni kì í rẹ́rìn-ín? Ewúrẹ́ pàápàá ń fẹyín! Ẹ̀rín wo ni wọ́n ń rín?”

Yèyé, ìyá tó bí ìyá mi, ló na ọ̀bẹ sí mi báyẹn lẹ́yìnkùlé wa n'Íkẹ́rẹ́. Àwọn obìnrin jókòó yí òkìtì ẹ̀gẹ́ ká, wọ́n ń bó o. Omi kíkan ń ro tótó lára àpò gàrí tí a fi òkúta tẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ló sọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ tí gbogbo wọn fi bú sẹ́rìn-ín. Etí Yèyé ti ń di. Eyín nìkan ló ń rí. Mo ti kọ́kọ́ sọ fún un pé wọ́n kàn ń rẹ́rìn-ín ni.

Mo fi ẹnu kan etí rẹ̀, mo pariwo: “Wọ́n ń rín kèékèé, Yèyé! Ìyá tó wà lápá ọ̀tún ń rín tirẹ̀ sínú!”

“Ẹ̀n-ẹ́n! Ìyẹn mọ ohun tó ṣe.” Ìgbà náà ni òun náà tó rín, tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Ó kọ́ mi ní ẹ̀rín músẹ́, àríntàkìtì, ẹ̀rín àbòsí tí kì í dé ojú, àti ti ẹlẹ́yà, èyí tí wọ́n fi ń yínmú. Ó ní adití tí kò bá mọ irú ẹ̀rín tí wọ́n ń rín, àárín àwọn tó ń fi í ṣẹ̀sín ni yóò jókòó sí.

Lọ́jọ́ Ìkórè, orin parí ní ṣọ́ọ̀ṣì, Yèyé kò mọ̀. Òun nìkan ló kù lórí ìdúró, ó ń kọ ọ́ lọ, ohùn rẹ̀ ń ya bí aṣọ gbígbó. Àwọn ọ̀dọ́ kọ́kọ́ fọwọ́ bo ẹnu. Nígbà tó yá, ẹ̀rín sọ. Yèyé tẹ orí sọ́dọ̀ mi: “Ẹ̀rín wo ni?”

Ti ẹlẹ́yà ni. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ mi ń wò mí. Mo pariwo sí i létí: “Ti ayọ̀ ni, Yèyé! Ohùn yín wù wọ́n!”

Ká ní àánú ni mo fi parọ́, ọkàn mi ì bá fúyẹ́. Mo fẹ́ kí eré náà má tí ì tán ni.

Ó gbóhùn sókè, ó tún jó díẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n ń ṣubú lu ara wọn lórí bẹ́ńṣì. Èmi náà ń rín, ẹnu mi là gbàgà. Ó yíjú, ó rí mi. Kò bi mí ní irú èyí tí mò ń rín. Ó ká ìró rẹ̀ mọ́ra, ó jókòó.

“Jẹ́ á lọ ulé.”

Kò bi mí léèrè ẹ̀rín ẹnikẹ́ni mọ́. Bí àwọn obìnrin bá bú sẹ́rìn-ín nídìí ẹ̀gẹ́, á dorí kodò, á máa bó tirẹ̀ lọ. Kò sì tún tẹsẹ̀ bọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.

Nígbà tí mo fi máa ní ìgboyà láti jẹ́wọ́, etí rẹ̀ ti di pátápátá. Kò mọ̀wé kà, ǹ bá kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Mo kúnlẹ̀, mo ń pariwo títí ohùn mi fi há: “Irọ́ ni mo pa fún yín! Ẹ forí jì mí!”

Ó tẹjú mọ́ ẹnu mi tó là gbàgà.

“Kí ló dé tí wọ́n tún ń rín?”

Àwa méjì péré la wà nínú yàrá.

A ti sin ín. Ọ̀kadà ni mò ń gùn báyìí. Bí èrò bá rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi, kí n tó ronú, mo ti mọ irú èyí tó jẹ́. Kò sétí tí n ó sọ ọ́ sí.