Ìkíni Tí Mo Jẹ Ìyá Mi

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni ó tọ́ mi dàgbà, ní Bàǹtẹ̀. Ìyá Àgbà ni gbogbo ilé ń pè é. Kì í hun aṣọ fúnra rẹ̀. Ohun tí àwọn ahunṣọ fi ń ṣiṣẹ́ ni ó ń tà: ọ̀kọ̀, igi kékeré tí ń gbé òwú sọdá láàárín aṣọ, òmù, tí ń gbé òwú sókè sódò, àti àwọn pákó pẹlẹbẹ tí obìnrin fi ń lu òwú mọ́ra lórí òfì tí wọ́n ń gbé ti ògiri. Agbẹ́gi kan ní Bóbè ni ó ń gbẹ́ wọn fún un. Èmi ni mo ń fi àdí pa wọ́n títí wọn yóò fi dán, tí wọn kò ní fa òwú ya.

Mo ka ìwé fún ọdún mẹ́rin. Nígbà tí ojú Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, tí kò lè so okùn òmù dáadáa mọ́, ó ní kí n jókòó ti òun. Mi ò jiyàn. Mi ò jẹ́ jiyàn pẹ̀lú ẹnikẹ́ni nígbà yẹn. Bí àlejò bá wọlé, ẹ̀yìn ìkòkò omi ni mo máa ń lọ.

Lọ́dọọdún, nígbà tí àwọn ọmọ ilé ìwé bá gba ìsinmi gígùn, àwọn ahunṣọ agbègbè wa máa ń pàdé ní Sàvàlú fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n á yá ọgbà ilé ìwé kan lò. Wọ́n á jókòó sórí àga àwọn ọmọdé, orúnkún wọn á ga dé àyà, wọ́n á máa jiyàn lórí bí aṣọ ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó àti ẹni tí ó jí ọnà ẹni kejì hun. Àwa tí à ń tajà á pàtẹ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá Àgbà kì í pa ìpàdé náà jẹ. Ọdún tí mo ń sọ yìí, tí mo tó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ni ó kọ́kọ́ mú mi dání.

A wọ kamiyọ́ọ̀nù, ọkọ̀ akẹ́rù, láti Bàǹtẹ̀ ní àárọ̀. Orí àpò àgbàdo ni a jókòó sí. Obìnrin kan láti Lúgbà tí ó kó adìyẹ dání ń wò mí ṣáá.

Ó ní, “Ọmọ yìí, ṣé wọ́n rán ẹnu rẹ ni?”

Ìyá Àgbà ní, “Òmù ni à ń tà. Okùn tó ṣẹ́kù ni a fi rán an.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa tú u díẹ̀. Ọ̀nà jìn.”

“Èmi gan-an kò rí ojú okùn náà mọ́.”

Gbogbo inú ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo fi ìborùn bo ẹnu.

Lẹ́yìn ìgbà tí a kọjá Gúkà, tí oorun ti ń gbé obìnrin aládìyẹ náà, Ìyá Àgbà tẹ̀ sí etí mi. Ó ní, “Obìnrin tí ó bí ọ lè wà níbẹ̀. Wọ́n ní ó ń hunṣọ báyìí fún àwọn ará Jàlúkù. Èmi kò ní kí o lọ bá a. Èmi kò ní kí o má lọ bá a.”

Láti ibẹ̀ dé Sàvàlú, mi ò rí igi kankan lójú ọ̀nà mọ́.

Bàbá mi kú nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́fà. Àwọn ará ilé fẹ́ kí àbúrò bàbá mi ṣú ìyá mi lópó, ìyá mi sì kọ̀. Ó lọ fẹ́ àgbẹ̀ kan tí ó jẹ́ ẹ̀yà Màhì. Ilé bàbá ni ó ni ọmọ, nítorí náà ó lọ, mo dúró. Ìyá Àgbà, tí àbúrò tí ìyá mi kọ̀ náà jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀, kò pe orúkọ ìyá mi mọ́ láti ìgbà náà. “Obìnrin tí ó bí ọ” ni ó máa ń wí, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nípa àrùn kan tí ó ti lọ.

Ohun tí mo rántí nípa ìyá mi kò pọ̀. Mo rántí ìró pákó rẹ̀ lórí òfì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò lù ú kíákíá, yóò sinmi, yóò sì lù ú lẹ́ẹ̀kan. Bí mo bá ń lọ sódò ní Bàǹtẹ̀, tí mo gbọ́ obìnrin kan tí ń lu òwú nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo máa ń sọ ìkòkò kalẹ̀. Mo máa ń dúró kí n gbọ́ bóyá yóò sinmi kí ó tó lù ú lẹ́ẹ̀kan yẹn. Kò sí ẹni tí ó ń lù ú bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kejì ìpàdé ni ó wá. A ti pàtẹ sí iwájú yàrá ìkàwé kan, ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ kẹ́yìn ṣì wà lára pátákó dúdú, mo sì ń fi ètè kà á láìjẹ́ kí ohùn jáde. Obìnrin méjì ń bọ̀, wọ́n ń sọ èdè Màhì. Ọ̀kan tẹ̀ síwájú. Ó kúnlẹ̀ fún Ìyá Àgbà, ó sì fi èdè wa kí i, Ìṣà tí kò tíì dàrú lẹ́nu rẹ̀.

“Ẹ kú ọjà, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.”

Ìyá Àgbà ní, “O ṣé. Ilé ń kọ́?”

“Wọ́n wà dáadáa.”

Ó dìde. Ojú wa pàdé. Kò sí ẹni tí ó ní láti sọ fún mi. Iwájú orí tí mo ń rí nínú omi ní gbogbo òwúrọ̀ ni mo rí. Eyín rẹ̀ ní àlàfo bí tèmi. Èékánná rẹ̀ dúdú nítorí aró.

Ìgbà tèmi tó láti kúnlẹ̀. Ọmọ ni í kọ́kọ́ kí ìyá. Bí àgbà bá kọ́kọ́ kí ọmọdé, a jẹ́ pé ó ń sọ fún gbogbo ọjà pé wọn kò kọ́ ọmọ náà, tàbí pé òun ń bẹ̀bẹ̀. Kò lè ṣe èyíkéyìí níwájú Ìyá Àgbà. Nítorí náà ó dúró dè mí. Ó gbé pákó kan, ó wò ó, ó gbé e sílẹ̀, ó tún gbé pákó kan náà.

Kíkúnlẹ̀ kì í ni mí lára. Mo máa ń kúnlẹ̀ fún obìnrin tí ń ta ewúrẹ́, mo máa ń kúnlẹ̀ fún ìyàwó àna ẹni tí mi ò mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n bàbá mi jókòó lápá ọ̀tún mi, ojú rẹ̀ tí kò ríran dáadáa mọ́ sì wà lára mi. Mo rò pé bí mo bá kúnlẹ̀, mi ò ní lè dìde mọ́, èmi yóò sunkún níwájú àwọn ahunṣọ. Mo la ẹnu. Ohun tí ó jáde ni,

“Èyí dára. Kì í fa òwú.”

Bí ọlọ́jà ṣe ń sọ fún oníbàárà.

Ó ní, “Mo rí i pé ó dára.”

Ó bá Ìyá Àgbà parí ọ̀rọ̀ owó. Ó ní kí ó bá òun kí ará ilé, ó sì lọ. Ará ilé ni èmi náà.

Bàbá arúgbó kan tí ń ta òwú aláró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní, “Obìnrin yẹn pẹ́ níbí o. Pákó kan kò gba gbogbo àkókò yẹn.”

Ìyá Àgbà ní kí ó máa ta òwú rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta mo jí lọ sí ọgbà ilé ìwé kí wọ́n tó ṣí ẹnu ọ̀nà. Mo yí gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ká, mo ń wá ìyá mi. Nígbà tí bàbá olówùú dé, mo bi í léèrè. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo bá ọkùnrin tí mi ò mọ̀ sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé òun ni ó kọ́kọ́ bá mi sọ ọ́ nìyẹn.

Ó ní, “Ìyá oníṣẹ́ aró? Ó ti lọ láti àná. Kò dúró gbọ́ ìpàdé rárá.”

Òjò ńlá rọ̀ ní àṣálẹ́ ọjọ́ náà. Ní òwúrọ̀ kejì a di ẹrù, a wọ kamiyọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n a kò jìnnà. Ní ìpẹ̀kun ìlú, wọ́n ti gbé igi dí ọ̀nà. Bàríyẹ̀ òjò ni. Bí òjò bá rọ̀, ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ kọjá títí ilẹ̀ yóò fi gbẹ, kí táyà má baà hú ọ̀nà. Ẹ̀ṣọ́ tí ó jókòó tì í ní ó di ọ̀la. Gbogbo ènìyàn sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n tú oúnjẹ.

Ìyá Àgbà ń bó ewé lára ẹ̀kọ àkàsà. Kò wò mí.

Ó ní, “Mo rí ọ níjọ́sí.”

Mo ń ṣa ewé tí ó bó sílẹ̀ jọ.

“Ọdún mẹ́wàá ni mo fi ń retí kí ojú ti obìnrin tí ó bí ọ níwájú mi. Ojú tì í lóòótọ́.” Ó jẹ àkàsà díẹ̀. “Kò dùn mọ́ mi. Èmi ni ó bà lórúkọ jẹ́. Wọ́n á ní ọmọ tí mo tọ́ kò mọ bí a ṣe ń kí ènìyàn.”

“Ẹ má bínú.”

“Èmi kọ́ ni o ṣẹ̀.”

Obìnrin méjì ń bọ̀ láti ọjà, ìkòkò wà lórí wọn. Ìyá Àgbà pè wọ́n, ó bi wọ́n ní èdè Màhì ibi tí wọ́n ń lọ. Mi ò mọ̀ rí pé ó gbọ́ Màhì tó bẹ́ẹ̀. Ìhà Jàlúkù ni wọ́n ń lọ. Ó sọ orúkọ abúlé kan, wọ́n ní àwọn yóò gba ibẹ̀ kọjá. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé láti ọjọ́ pípẹ́ ni ó ti mọ abúlé tí ìyá mi wà.

Ó ní, “Ọkọ̀ ni wọ́n dínà mọ́, wọn kò dínà mọ́ ẹsẹ̀. Bá wọn lọ. Lọ kí i, kí o sì padà lọ́la. Má jẹ nǹkan kan níbẹ̀ kí o tó kí i.”

A rìn láti òwúrọ̀ títí òòrùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ẹrẹ̀ mu wá dé ọrùn ẹsẹ̀. Ní gbogbo ọ̀nà ni mo ń wá ìkíni tí ó yẹ. A ní ìkíni fún ẹni tí ó jókòó àti ẹni tí ó dúró, fún ẹni tí ń bọ̀ láti oko, fún ẹni tí òjò pa. Mi ò rí èyí tí a ń kí ìyá tí a ti rí níjẹta tí a kò kí.

Ẹ̀yìn ilé ni mo ti bá a, ó ń fọ òwú nínú ìkòkò aró, ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Mo kúnlẹ̀ sínú omi aró tí ó dà sílẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.”

Ó fún òwú ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ó sá a.

“Ta ni ó rán ọ?”

“Ìyá Àgbà ní kí n wá kí yín.”

“Ìyá Àgbà.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ìwọ ńkọ́? Ìwọ kò wá?”

“Mo wá.”

“Dìde níbẹ̀. Aró yóò ba aṣọ rẹ jẹ́.”

Ó fún mi ní iṣu. Ọkọ rẹ̀ dé láti oko, ó kí mi, ó sì lọ jókòó síwájú ilé kí ó lè fi àyè sílẹ̀ fún wa. Ìyá mi jókòó sídìí òfì, mo di òwú mú fún un. Ó lù ú ní ẹ̀ẹ̀mejì, ó sinmi, ó lù ú lẹ́ẹ̀kan. A kò sọ ohun kan tí mo lè kọ síhìn-ín. Ó bi mí bóyá mo ṣì ń lọ sí ilé ìwé, mo ní rárá, ó sì mi orí.

Ní ọjọ́ kejì ó sìn mí dé ojú ọ̀nà. Ó ti bá ẹnì kan tí ń lọ sí Sàvàlú sọ̀rọ̀ láti mú mi lọ. A dúró dè é. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbọ́: kí ó ní kí n dúró. Mi ò mọ ohun tí ǹ bá ṣe bí ó bá wí bẹ́ẹ̀. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ.

Ó ní, “Ṣé Ìyá Àgbà máa ń nà ọ́?”

Mo ní, “Rárá.”

“O máa ń jẹun yó?”

“Mo máa ń yó.”

“Kò bú ọ nítorí mi?”

Mo ronú. “Kì í pe orúkọ yín.”

“Ó dáa,” ni ó wí. Ojú rẹ̀ kò dùn bí ojú ẹni tí nǹkan dáa fún. Lójú ọ̀nà ni ó tó yé mi pé ó ń wá ìdí kan tí yóò gbé síwájú àwọn ará ilé bàbá mi kí ó lè gbà mí, mo sì gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú òtítọ́. Bí mo bá ní ó ń nà mí, bóyá yóò dì mí mú. Ìyá Àgbà kò sì nà mí rí. Mi ò lè purọ́ mọ́ ọn, síbẹ̀ ó ń wù mí pé kí n ti purọ́. Títí di òní, tí mo bá wà nídìí ọjà ní Bàǹtẹ̀, mo máa ń dáhùn àwọn ìbéèrè mẹ́ta yẹn lọ́nà mìíràn nínú ọkàn mi.

Wọ́n ti ń gbé igi kúrò lọ́nà nígbà tí mo dé bàríyẹ̀. Ìyá Àgbà wà lórí ẹrù.

“O kí i?”

“Mo kí i.”

“Ó dáhùn?”

“Ó ní kí n dìde.”

Ó nawọ́ fà mí gòkè, ọkọ̀ sì gbéra. “Ó ní kí o dúró?”

“Kò wí bẹ́ẹ̀.”

Ó ní kí n sún mọ́ òun, pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́, mo sì sún mọ́ ọn.