Ọkọ̀ Tí Ògiri Sé Mọ́lé

Kí n tó sọ ohunkóhun, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi ọ̀sà sí ẹ̀yìnkùlé bàbá mi, tó sì jẹ́ kí n fojú mi rí i dáadáa kí ilé tó bò ó. Tirẹ̀ ni gbogbo ìyìn.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, abúlé apẹja ni àdúgbò wa lẹ́yìn Ìkòròdú. Nígbà tí a fi wọ ẹgbẹ̀rúndún tuntun, èmi náà ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé kéwú tí mo ti kàwé, abúlé wa sì ti ń di ìlú. Àwọn èèyàn ń wá láti Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun, wọ́n ń ra ilẹ̀, wọ́n ń gba yàrá. Ibi tí a ti ń sá àwọ̀n di ibi tí wọ́n ń to búlọ́ọ̀kù sí. Inú wa dùn sí wọn. Kò sí ẹni tí kò fẹ́ kí ìlú òun tóbi.

Àsìkò náà ni bàbá mi, apẹja, ń kan ọkọ̀ ojú omi tuntun, nítorí èyí tí wọ́n ń lò ti jẹrà. Wọ́n ní òun ni ọkọ̀ ìkẹyìn tí àwọn máa kàn láyé àwọn. Ìdí igi àgbọn ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ti ń kàn án, pákó kan lónìí, òmíràn lẹ́yìn oṣù méjì. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti ń ra pákó, wọ́n ní pákó Ìkòròdú kò gbọ́ èdè omi.

Láàárín ìyẹn, ọkùnrin ará Ọ̀ṣun kan ra ilẹ̀ tó wà láàárín ilé wa àti ọ̀sà. Ọmọ ìjọ Kírísítì ni, ẹni pẹ̀lẹ́. Kó tó mọ ògiri, ó wá bá bàbá mi.

“Bàbá, ẹ dákun, ṣé ẹ ń gba ibí yìí kọjá? Mi ò fẹ́ sé ọ̀nà mọ́ yín.”

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. “Ẹsẹ̀ lásán ló ń gba ibẹ̀. Ẹsẹ̀ á wá ọ̀nà mìíràn. Ẹ mọ ògiri yín, ẹ ó gbé ibẹ̀ pẹ́.”

Bí bàbá mi ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ọkọ̀ náà ni wọ́n fẹ̀yìn tì.

Ògiri parí, ọkọ̀ náà parí. Ọjọ́ tí bàbá mi kun ọ̀dà rẹ̀ tán ni wọ́n tó gbójú sókè. Ọ̀nà kan ló kù sí omi, ó sì tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láàárín àwọn ilé. Wọ́n fi okùn wọn ọkọ̀, wọ́n fi wọn ọ̀nà, wọ́n tún un wọ̀n. Ọkọ̀ kò lè yí níbẹ̀ láéláé.

Ìyá mi wò wọ́n títí. “Bàbá àwọn ọmọ, àwọn àlejò ń wá yàrá. Ẹ tẹ́ ẹní sínú rẹ̀, kí ẹ fi háyà.”

Ẹ̀fẹ̀ ni, àmọ́ bàbá mi ò rẹ́rìn-ín. Inú ọkọ̀ ọ̀rẹ́ wọn ni wọ́n ti ń bá wọn lọ sódò bí èrò, ó sì ń dùn wọ́n.

Mo ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n lọ bá lánlọ́ọ̀dù tó mọ ògiri yìí sọ̀rọ̀.”

“Kí o sọ pé kí ni? Ó bi mí, mo dá a lóhùn. Ẹni tó ń kírun lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́ kì í yẹ ọ̀rọ̀ nítorí pákó.”

Èmi tí mò ń kọ́ ọmọ pé olóòótọ́ a máa mú àdéhùn ṣẹ, kí ni mo fẹ́ sọ? Àmọ́ ìyá mi kò bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn. Nígbà tí ìyàwó lánlọ́ọ̀dù wá ra ẹja yíyan, ó béèrè ọjọ́ tí ọkọ̀ Bàbá máa wọ omi.

Ìyá mi dá a lóhùn pé, “Ọjọ́ tó bá hu ìyẹ́, tó fò kọjá ògiri yín.”

Obìnrin náà wo ọkọ̀, ó wo ògiri, ó sì rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ọkọ rẹ̀ dé.

“Bàbá, ẹ ò ṣe mí dáadáa. Àbí n ò bi yín?”

“O bi mí. Ẹsẹ̀ ni mo rò. Mo gbàgbé ohun tí mo fẹ̀yìn tì.”

“Ó dáa. Ògiri tèmi ni, èmi ni mo fẹ́ wó o. Ẹ ò bẹ̀ mí, ẹ ò sì yẹ ọ̀rọ̀ yín.”

Bàbá mi ronú sí i díẹ̀. Wọ́n ní, “Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, mi ò lè dí ọ lọ́wọ́.”

Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, àwọn ọkùnrin ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè, wọ́n gbé ọkọ̀. Lánlọ́ọ̀dù wà níwájú, ó ń dá orin ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tiwa ń ké “Allāhu Akbar” lẹ́yìn. Ọkọ̀ gba ihò tí lánlọ́ọ̀dù ti wó sára ògiri kọjá, ó wọ omi. Bàbá mi ní kí lánlọ́ọ̀dù kọ́kọ́ wọ inú ọkọ̀. Ó ní òun ò mọ omi wẹ̀.

Bàbá mi ní, “Èmi náà ò mọ ilé kọ́. Jókòó.”

Nígbà tí bíríkìlà dé láti dí ihò náà, lánlọ́ọ̀dù ní kó fi géètì sí i, ó sì fún bàbá mi ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Bàbá mi fi ọkọ̀ yẹn pẹja títí ara wọn fi kọ̀. Wọ́n ti lọ bá Ẹlẹ́dàá wọn báyìí, kí Ó fi Àlùjánnà kẹ́ wọn. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ ayálégbé máa ń kan ilẹ̀kùn mi: “Àǹtí, ẹ ṣí i fún wa, a fẹ́ wo omi.” Mo máa ń ṣí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, bí ẹ bá ti fi ẹnu ara yín sé ọ̀nà mọ́ ara yín rí, kí Ọlọ́run fi aládùúgbò tí yóò wó ògiri rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ bẹ̀ ẹ́ jíǹkí yín. Kí ọkọ̀ yín wọ omi, kó sì gúnlẹ̀ sí èbúté ayọ̀. Àmín.