Àlàfo Inú Páìpù

Mo rántí ọ̀sẹ̀ tí mo sọ pálọ̀ bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde di ọ́fíìsì. Ìsinmi ni mo bá wálé láti òkè òkun, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tẹ̀lé mi wá. Bàbá ti sọ fún gbogbo ẹgbẹ́ regbéregbé rẹ̀ pé ọmọ òun obìnrin ń bá òyìnbó tún ẹ̀rọ ṣe, débi pé àgbàlagbà kan gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ tó ti kú wá láti Òdógbolú pé kí n bá òun wò ó. Mo wò ó lóòótọ́. Wíwò náà ni mo mọ̀ ọ́n wò.

Ẹ̀rọ tiwa ń lé àwọn èérún ohun tí ojú kò lè rí, wọ́n á máa sáré yíká nínú páìpù irin lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Ọ̀wọ́ tó ṣáájú a máa fi agbára iná díẹ̀ sílẹ̀ lára páìpù, agbára yẹn á sì gbá àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìwà tí páìpù ń hù sí wọn yìí là ń pè ní ìmpídáǹsì. Bí ó bá pọ̀ jù, àwọn èérún á bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò; bí mímì náà bá dàgbà, gbogbo wọn á fọ́n dànù. Iṣẹ́ mi ni láti fi kọ̀ǹpútà ṣírò rẹ̀ kí wọ́n tó to ẹ̀rọ náà tán.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn ará ibi iṣẹ́ mi fẹ́ fi iná wẹ́dà jó páìpù náà pa, tí kò ní ṣeé ṣí mọ́. Àlàfo tóóró kan wà níbi tí irin méjì ti pàdé, ọ̀gá mi sì ti ṣírò rẹ̀ pé kò léwu. Ìgbà tí mo yẹ ìṣirò náà wò, mo rí i pé ó ti tètè dá kọ̀ǹpútà dúró. Iná tó há sínú àlàfo yẹn ń dún lọ bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti lù tán. Ẹni tó bá tètè kúrò níbẹ̀ kò ní mọ bó ṣe pẹ́ tó kó tó dákẹ́. Mo jẹ́ kí kọ̀ǹpútà wọn lọ́hùn-ún ṣírò rẹ̀ dópin. Èsì rẹ̀ ni pé àwọn èérún yóò mì.

Ẹ̀rù bà mí. Èmi ni mo kéré jù níbi iṣẹ́, àdéhùn iṣẹ́ mi sì ti fẹ́ parí. Bí mo bá dá wọn dúró tí n kò sì jàre, ilé ni mo wà yẹn, mi ò padà lọ mọ́. Bí mo bá dákẹ́, ẹ̀rọ tí àwọn èèyàn fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ yóò di yẹ̀yẹ́.

Màmá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, rí i pé mi ò fọwọ́ kan oúnjẹ. Mo ṣàlàyé fún un.

“Ṣé ó dá ẹ lójú?”

“Ó dá mi lójú, Mà.”

“Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Pè wọ́n.”

Mo pè. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í ṣàdédé já ọ̀rọ̀ lu àgbà, nítorí náà mo kí ọ̀gá mi, mo béèrè ìyàwó, mo béèrè àwọn ọmọ, mo béèrè ajá wọn, títí ó fi bi mí pé ta ló kú. Ìgbà náà ni mo tó sọ pé ìṣirò rẹ̀ kò pé. Ó ní òun yóò tún un ṣe fúnra òun.

Kí n tó padà sókè òkun, ó pè mí pé òótọ́ ni mo sọ. Wọ́n ti dá iṣẹ́ dúró, wọ́n sì ti ń gé irin pẹlẹbẹ tí wọn yóò fi bo àlàfo náà. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú pálọ̀, mo sunkún ayọ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n tan ẹ̀rọ náà, Màmá béèrè lórí fóònù pé kí la rí.

“A ò rí nǹkan kan, Mà. Àwọn èérún náà ò mì.”

“Gbogbo wàhálà yẹn, torí kí ẹ má baà rí nǹkan kan?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Mà.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó wá gbàdúrà fún mi títí owó ìpè fi tán.

Lónìí, èmi náà ti di ọ̀gá, ẹ̀rọ náà sì ń ṣiṣẹ́ lọ. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń lò ó kò mọ̀ pé irin kan wà nínú páìpù níbẹ̀, kò sì sí ìdí tí wọn yóò fi mọ̀. Èmi mọ̀. Orí mi a máa wú nígbàkigbà tí mo bá gba ibẹ̀ kọjá.