Àlejò Inú Moufidatou

Bí ẹ bá gbé aṣọ fún Moufidatou, aránṣọ àdúgbò Plateau ní Ṣábẹ̀ẹ́, ẹ má gbọ́kàn lé ọjọ́ tó dá fún yín. Èmi olùkọ́ tí ìjọba gbé wá láti Kétu, mo ti wọ ògbólógbòó ṣòkòtò lọ síbi ìgbéyàwó nítorí rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni kì í fi falẹ̀: oògùn rẹ̀. Agogo méje àárọ̀, ẹyọ méjì. Agogo méje alẹ́, ẹyọ méjì.

Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì kọṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Aïssatou, tó ń dáko ní Sakin, ló fún un ní ọ̀kan nínú tirẹ̀. Ara kì í fẹ́ ohun àjèjì. Oògùn yẹn ló ń kó àwọn ọmọ ogun ara níjàánu kí wọ́n má baà lé kíndìnrín náà. Láti ìgbà náà, bí Aïssatou bá pè lórí fóònù láàárọ̀, á kí àbúrò rẹ̀ tán, á tún kí kíndìnrín: "Àlejò ńkọ́?" Moufidatou á gbé oògùn mì, á ní, "Àlejò sùn dáadáa." Àwa oníbàárà náà ti kọ́ ọ. A máa ń kí àlejò ká tó béèrè aṣọ wa.

Lọ́dún tó kọjá, ó lọ ṣe àyẹ̀wò ní Kútọnu, wọ́n sì yẹ ẹnu ilé ọmọ rẹ̀ wò. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ibẹ̀ yẹn, kí n má fi bò. Wọ́n bá kòkòrò papilọ́má níbẹ̀, ojú ibẹ̀ sì ti ń yí padà. Dókítà ṣàlàyé pé kòkòrò náà wọ́pọ̀, pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń kó o láìmọ̀, tí ara wọn á sì lé e lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ ogun tirẹ̀ wà níjàánu, kòkòrò ráyè jókòó; bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, ó lè di jẹjẹrẹ. Wọ́n dá ọjọ́ fún un kó wá kí wọ́n fi iná díẹ̀ jó ojú ibẹ̀.

Ẹ̀rù bà á. Ọgbọ́n aránṣọ ló wá ṣì í lọ́nà. Ó rò ó pé ohun tó bá fún jù, ńṣe là ń tú u díẹ̀. Bí oògùn bá dín kù, àwọn ọmọ ogun á jí, wọ́n á lé kòkòrò, òun kò sì ní rí iná. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí gbé ẹyọ kan mì dípò méjì.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi dáhùn lórí fóònù pé àlejò sùn dáadáa. Ọjọ́ kẹrin, Aïssatou gbé iṣu wọ ìlú, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Àlejò ńkọ́?" Mo wà níbẹ̀, ṣòkòtò mi ni mo bá wá. Moufidatou gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó bú sẹ́kún, ó sì jẹ́wọ́.

Mo rò pé ìjà dé. Aïssatou rọra sọ iṣu kalẹ̀.

"N ò fún ọ ní kíndìnrín mi kí o máa fi dán nǹkan wò," ó ní. "Wọ́n ní kí o wá fún iná. A ó jọ lọ."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù ń bà mí."

"Ẹ̀rù ba èmi náà lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ là mí."

Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n wọ taksí lọ sí Kútọnu. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fi hàn pé kíndìnrín ti ń ráhùn, ṣùgbọ́n kò tíì bàjẹ́. Dókítà bá a wí gidi: bí oògùn yóò bá dín, àwọn ni yóò dín in. Nígbà tí ọjọ́ iná pé, Moufidatou gun ibùsùn fúnra rẹ̀. Kò pẹ́ rárá, ó ní òun ti rán bọ́tìnnì tó le jù ú lọ. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀, ó ní kí ẹ̀gbọ́n òun náà dùbúlẹ̀ fún àyẹ̀wò. Aïssatou jiyàn títí, ó dùbúlẹ̀. Wọn kò rí nǹkan kan.

Lọ́dún yìí, ojú ibẹ̀ ti san, kòkòrò kò tíì lọ. Moufidatou fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọjọ́ àyẹ̀wò tó kàn sára ògiri, gàdàgbà, lókè ọjọ́ aṣọ gbogbo wa. Mo bi í bóyá kò sú u.

"Kòkòrò wà, èmi náà wà," ló fi dá mi lóhùn.

Fóònù dún lágogo méje. Moufidatou da oògùn sí àtẹ́lẹwọ́, ó kà á, ó gbé e mì kó tó gbé fóònù.

"Méjì ni, ẹ̀gbọ́n mi. Àlejò sùn dáadáa."