Ọgọ́fà Tọ́ọ̀nù

Kòyẹ̀ ni gbogbo kúárì ń pe ọkùnrin tó ń wọn ọkọ̀ lẹ́nu ọ̀nà àbájáde, nítorí pé láti ọdún mọ́kànlá tó ti jókòó sínú yàrá onígíláàsì yẹn, ìwọ̀n rẹ̀ kò yẹ̀ rí. Iṣẹ́ náà kò ṣòro. Típà tó ru òkúta á gun orí irin fífẹ̀ tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, nọ́ńbà pupa á tàn lórí pátákó gíga tí gbogbo èèyàn ń rí, Kòyẹ̀ á yọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kúrò nínú rẹ̀, nítorí pé tọ́ọ̀nù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni típà òfìfo wọ̀n, á sì kọ ìyókù sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n òkúta. Wọ́n ti gbìyànjú láti fa ojú rẹ̀ mọ́ra. Awakọ̀ kan so ewúrẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nígbà kan. Kòyẹ̀ wọn ewúrẹ́ náà, ó kọ ìwọ̀n rẹ̀ sórí ìwé pélébé, ó sì dá méjèèjì padà.

Àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe máa ń sọ, ni pé ohun tí wọ́n bá bi í nìkan ló máa ń dáhùn. Àárín àwọn àlejò ni obìnrin yìí ti wá, ìyẹn ẹgbẹ̀rún méjì èèyàn tí omi òkun lé kúrò nílé, tí wọ́n wá tẹ̀dó sí ìsàlẹ̀ kúárì níhà ìlà oòrùn. Ìyàwó àkọ́kọ́ Kòyẹ̀ ti kú tipẹ́. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tí àwọn àlejò dé, Kòyẹ̀ fẹ́ obìnrin yìí. Ẹ̀gbọ́n obìnrin náà ọkùnrin, tó jẹ́ káfíńtà, tẹ̀lé e wá, ó ní òun á sùn fún ọjọ́ mẹ́ta péré. Ó lo ọdún kan àbọ̀. Ó tún gbogbo ilẹ̀kùn ilé ṣe, ó sì ń fi àna rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ lójoojúmọ́ pé irú àga tó ń jókòó lé yẹn, bí wọ́n bá gbé e fún ẹlẹ́wọ̀n, á bẹ̀ wọ́n pé òun á kúkú dúró.

Láàárín ọdún méjì tí àwọn àlejò dé yìí, òjò kọ̀, kò rọ̀. Kànga gbẹ. Ilẹ̀ sán bí awọ gìgísẹ̀ àgbàlagbà. Símẹ́ńtì, olórí àwọn tó ń di òkúta sínú ọkọ̀, gbọ́ lórí rédíò pé ayé kò dúró ṣánṣán, pé ó dagẹ̀rẹ̀ díẹ̀, pé ìdagẹ̀rẹ̀ yìí ló ń jẹ́ kí ìgbà kan yàtọ̀ sí ìkejì nínú ọdún. Òótọ́ ni èyí. Èyí tó kù, orí ara rẹ̀ ló ti bù ú. Ó mú igi ìwọ̀n àwọn bíríkìlà, èyí tí ìgò kékeré olómi wà láàárín rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀ yàrá Kòyẹ̀, omi inú ìgò sì fi hàn pé ìhà ìlà oòrùn ni ilẹ̀ rẹlẹ̀ sí. Ó ní àwọn àlejò ti fi ìwúwo wọn tẹ ayé, ojú ọ̀nà oòrùn ti yí, òjò kò mọ ilé mọ́. Ọdún tí wọ́n fi ẹ̀tù fọ́ àpáta ẹ̀gbẹ́ yàrá náà ló ti ń rì. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò fẹ́ rántí.

Tíṣà kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ dìde níbi ìpàdé òṣìṣẹ́, ó ṣàlàyé pé bí gbogbo ọmọ aráyé bá kó ara wọn jọ sí àgbàlá kan ṣoṣo, tí wọ́n ń fò sókè sódò, ayé kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí ṣọ́bìrì fi bà á lẹ́nu. Párì rẹ̀ fọ́ sí ọ̀nà méjì, eyín mẹ́fà bọ́ sílẹ̀, wọ́n sì tún ń gbá a nígbà tó ti dákú. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún ṣàlàyé ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni.

Ní ìpàdé náà gan-an ni Símẹ́ńtì yíjú sí Kòyẹ̀ lójú gbogbo wọn, ó bi í pé ẹgbẹ̀rún méjì èèyàn, mélòó ni ìwúwo wọn. Kòyẹ̀ mú pẹ́ńsùlù létí, ó ka ọgọ́ta kílò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó ní, “Ọgọ́fà tọ́ọ̀nù.” Ó mọ̀ pé ẹrù típà mẹ́rin ni ọgọ́fà tọ́ọ̀nù. Ó mọ̀ pé lójoojúmọ́, kí òṣìṣẹ́ tó jẹun àárọ̀, àwọn ti gbé iye yẹn kúrò lára òkè, fún ọdún mọ́kànlá gbáko, tí ayé kò sì mira. Wọn kò bi í ní ìyẹn. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti fi ọ̀dà kọ ọgọ́fà sára ògiri káàkiri.

Àárọ̀ Ọjọ́rú ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, nǹkan bí ọgọ́ta ọkùnrin, pẹ̀lú àdá àti ọ̀pá irin. Wọ́n ti iná bọ àgọ́ àwọn àlejò láti ẹ̀yìn, wọ́n sì dúró síwájú. Ẹni tó bá sá gba ẹ̀gbẹ́, wọ́n á ṣá a lẹ́sẹ̀, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún iná. Ìyókù ni wọ́n dà wọ inú ọgbà kúárì bí ẹran, wọ́n ní kí wọ́n jókòó sórí òkúta wẹ́wẹ́ ní ìlà-ìlà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dé ilé Kòyẹ̀. Ilẹ̀kùn tí káfíńtà ṣe gbà tó àáké mẹ́wàá kó tó ya. Kòyẹ̀ di ìyàwó rẹ̀ mú níbàdí, wọ́n fi ẹ̀yìn ṣọ́bìrì gbá a níhà títí ó fi gbọ́ tí egungun kan dá nínú ara rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì tú. Wọ́n wọ́ obìnrin náà àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde. Kòyẹ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n gbé e lọ sídìí iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì tì í mọ́ ibẹ̀.

Símẹ́ńtì nílò rẹ̀. Ó ti sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀ pé ọgọ́fà géérégé ló gbọ́dọ̀ jáde kí ayé tó nà ró; bí ó bá dín, asán ni; bí ó bá lé, wàhálà mìíràn ni. Ó ní etí odò ni wọn yóò já wọn sí, kí wọ́n padà síbi tí wọ́n ti wá.

Ọgọ́rùn-ún èèyàn ni wọ́n ń tò sínú típà kan, lóòró bí igi ìdáná. Ọkọ̀ àkọ́kọ́ gun irin. Nọ́ńbà pupa ní mọ́kànlélógún. Kòyẹ̀ ṣe bó ti ń ṣe láti ọdún mọ́kànlá: ó yọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó kọ mẹ́fà. Inú ọkọ̀ kejì ni káfíńtà wà. Ojú rẹ̀ kan ti wú dí, ó fi ìkejì wo inú gíláàsì, ó sì na ọwọ́ sókè bí ẹni tó ń kí ará ilé kó tó lọ síbi iṣẹ́. Mọ́kànlélógún. Kòyẹ̀ tún kọ mẹ́fà.

Kò tíì tó wákàtí kan tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ padà dé. Awakọ̀ àgbà ló ń wà á, ẹni tó dàgbà jù nínú gbogbo wọn. Ẹ̀jẹ̀ ń kán láti ìdí ọkọ̀ náà sórí irin. Ọkùnrin náà sún mọ́ fèrèsé, ó sọ̀rọ̀ láìla ẹnu tán.

“Kì í ṣe etí odò, Kòyẹ̀. Kòtò kúárì àtijọ́ ni. Àdá ni wọ́n fi ń gbà wọ́n kalẹ̀.”

Kòyẹ̀ wo ìta. Ìyàwó rẹ̀ wà ní ìlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, gèlè ti bọ́ lórí rẹ̀, ó gbá orúnkún mọ́ra. Mẹ́fà-mẹ́fà tí òun ń kọ yìí, ogún ọkọ̀ ni yóò gbà kó tó pé ọgọ́fà, ìyẹn ni pé gbogbo wọn ni yóò lọ. Símẹ́ńtì sì wọlé nígbà náà, àdá lábíyá, ó bèèrè pé mélòó ló ti jáde. Kòyẹ̀ pa ìwé dé. Ó nàka sí pátákó.

“Mọ́kànlélógún lẹ́ẹ̀mejì,” ó ní. “Méjìlélógójì.”

Símẹ́ńtì rẹ́rìn-ín. “Mo wí bí? Wọ́n ń pariwo ebi káàkiri, wọ́n ń wúwo bí àpáta.”

Gbogbo awakọ̀ ló mọ ìwọ̀n òfìfo ọkọ̀ wọn. Ẹnìkan nínú wọn wo Kòyẹ̀, ó wo pátákó, ó sì tẹ orí ba bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nílẹ̀. Ọkọ̀ kẹta mú un di mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Ẹ̀kẹrin jẹ́ méjìlélógún. Ó di márùnlélọ́gọ́rin. Bàbá kan nínú ìkarùn-ún kọ̀, kò gun ọkọ̀; wọ́n fi ọ̀pá irin fọ́ ọ lórí, wọ́n sì ju òkú rẹ̀ sókè sáàárín àwọn alààyè, wọ́n ní òun náà wà lára ìwọ̀n. Ó di mẹ́rìndínláàádọ́fà.

Nígbà tí ó kan ẹ̀kẹfà, Símẹ́ńtì ní kí wọ́n fa ìyàwó Kòyẹ̀ dìde, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àwọn ṣojúsàájú. Wọ́n fi irun fà á gòkè. Típà gun irin. Nọ́ńbà ní mọ́kànlélógún. Kòyẹ̀ ti fèrèsé síta, ó sì gbé ohùn sókè kí gbogbo ọkùnrin náà lè gbọ́.

“Ó ti lé. Mẹ́rìnlá péré ló kù kó pé ọgọ́fà. Bí èyí bá jáde báyìí, ayé á dagẹ̀rẹ̀ sí ìhà kejì. Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́.”

Símẹ́ńtì dúró. Ó wo ojú àwọn èèyàn rẹ̀, ó sì rí i pé wọ́n gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́, nítorí òun ló fi kọ́ wọn. Ó ní kí wọ́n sọ díẹ̀ kalẹ̀, títí yóò fi di mẹ́rìnlá.

Ẹni mẹ́wàá bọ́ sílẹ̀. Nọ́ńbà rọra sún wálẹ̀. Mẹ́wàá mìíràn bọ́ sílẹ̀. Ogún. Mọ́kàndínlógún. Ìyàwó rẹ̀ fò sílẹ̀, ó ṣubú, ó dìde, ó sì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kòyẹ̀ sọ fún un lábẹ́lẹ̀ pé kó má ṣe jókòó mọ́, kó súnmọ́ òkìtì òkúta. Ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn nìkan ló rà. Mẹ́tàdínlógún. Mẹ́rìndínlógún. Arúgbó kan ló bọ́ sílẹ̀ kẹ́yìn, wọ́n sì ti òkú bàbá mìíràn tí ọkàn rẹ̀ dáwọ́ dúró nínú èrò lé e lẹ́yìn. Típà ṣófo. Nọ́ńbà pupa dúró lórí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò yẹsẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń di òkúta, àdá rẹ̀ pupa títí dé èèkù, wo inú ọkọ̀, ó wo pátákó.

“Ṣé irin la ti ń wọ̀n látàárọ̀ ni?” ó bèèrè.

Símẹ́ńtì fọ́ gíláàsì, ó fa Kòyẹ̀ jáde gba ojú fèrèsé, ó tẹ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí irin, ó sì fi àdá gé ìka mẹ́ta kúrò níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó gbé àdá sókè lẹ́ẹ̀kejì. Òkúta tó bà á létí ọ̀tún, ìyàwó Kòyẹ̀ ló sọ ọ́. Ibi tí wọ́n kó àwọn èèyàn wọ̀nyí jókòó sí kún fún òkúta, ó sì dà bíi pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ni. Ọgọ́ta ọkùnrin náà kò tó nǹkan láàárín ẹgbẹ̀rún kan àtààbọ̀. Mọ́kàndínlógún nínú àwọn ọkùnrin náà kú sínú ọgbà, ìyókù fo ògiri. Símẹ́ńtì kú sórí irin ìwọ̀n, wọ́n sì ń sọ ọ́ lókùúta títí ojú rẹ̀ kò fi yàtọ̀ sí àyà rẹ̀. Awakọ̀ àgbà jókòó nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó gbé iwájú orí lé ọwọ́ ìwakọ̀, kò sì sí ẹni tó fọwọ́ kàn án.

Ní ọjọ́ kẹta, ìyàwó Kòyẹ̀ wá bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn. Àwọn èèyàn obìnrin náà ti ń di ẹrù. Wọ́n fẹ́ fẹsẹ̀ rìn lọ síbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ wọ́n. Ó jókòó sétí ibùsùn.

“Ẹ̀gbọ́n mi wà nínú ọkọ̀ kejì,” ó ní. “Mélòó lẹ kọ fún wọn?”

“Mẹ́fà.”

“Ìyẹn ni pé ẹ yọ ìwọ̀n ọkọ̀ kúrò.”

“N kò tíì mọ ibi tí wọ́n ń kó wọn lọ nígbà yẹn.”

“Ẹ mọ̀ pé wọn ò fẹ́ lọ.”

Obìnrin náà fa ọwọ́ Kòyẹ̀ sórí itan, ó tún báńdéèjì náà so, nítorí pé nọ́ọ̀sì kò so ó dáadáa. Ó gbé ife omi síbi tí ọwọ́ òsì lè dé. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó so aṣọ mọ́ àyà, ó sì jáde lọ bá àwọn èèyàn rẹ̀ lójú títì.