Ike Mẹ́wàá Tí Mo Ta fún Bàbá Adìgún

Lọ́jọ́ tí Àǹtí Ṣìkírá fẹ́ gba ẹnì kan ṣoṣo síṣẹ́, àwa mẹ́ta la jókòó sídìí tábìlì: èmi, Káríímù télọ̀, àti Bàbá Adìgún tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ kánsù. Àǹtí ló ni ilé tí wọ́n ti ń ta káàdì ní Ìyànà Ọ̀fà. Ó ti pín káàdì pókà rí ní hòtẹ́ẹ̀lì kan n'Ìbàdàn, òun náà ló sì kọ́ mi. Ẹni tó bá gba gbogbo ike pẹlẹbẹ tá a fi ń ta bí owó lọ́wọ́ àwọn yòókù ni yóò di olùkọ́ níbẹ̀. Èmi sì ti dá ọ̀kadà tí mo ń gùn l'Akínyẹlé padà fún ẹni tó ni ín. Ẹ̀rù ń bà mí, n ò ní purọ́.

Bí èèyàn mẹ́sàn-án bá jókòó, ẹ lè máa dúró de káàdì gidi. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ méjì mẹ́ta, àtidúró ò sí: ike tí wọ́n ń fi dandan gbà lọ́wọ́ yín nígbàkigbà tí wọ́n bá pín káàdì yóò tán yín lọ́wọ́. Ẹ gbọ́dọ̀ ta, kẹ́ ẹ sì mọ iye tẹ́ ẹ máa ta. Káríímù ò mọ̀ ọ́n. Gbogbo ike rẹ̀ ló dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n jẹ ẹ́, ó bá dìde.

Ó wá ku èmi àti Bàbá. Ẹ́ẹ̀sì méjì, káàdì tó ga jù lọ, wà lọ́wọ́ mi. Nínú káàdì mẹ́ta tí wọ́n ṣí sáàárín tábìlì, méjì jẹ́ háàtì, èyí tó ní àwòrán ọkàn pupa; ẹni tó bá kó márùn-ún irú kan náà jọ ti borí ẹ́ẹ̀sì méjì. Ike ọgọ́rùn-ún ti wà nílẹ̀. Ó yẹ kí n ta àádọ́rin, kí ẹni tó bá ń wá háàtì lè sanwó gidi kó tó rí i. Àmọ́ ẹni tó dàgbà ju bàbá mi lọ! Ojú tì mí. Mo ta mẹ́wàá.

"O ṣeun, ọmọ mi," ni Bàbá wí, wọ́n san mẹ́wàá. Káàdì tí wọ́n ṣí tẹ̀ lé e jẹ́ háàtì lóòótọ́. Bàbá wá ta ike rẹpẹtẹ, mo sì san án. Méjì tó wà lọ́wọ́ wọn bá mẹ́ta tó wà nílẹ̀, ó di márùn-ún, háàtì márùn-ún sì lu ẹ́ẹ̀sì mi méjì bí ẹní lu bàrà. Ó lé ní ìdajì ike mi tó bá a lọ.

Àǹtí fà mí lọ sẹ́yìn ilé.

"Ṣó o kí Bàbá láàárọ̀?"

"Mo dọ̀bálẹ̀, mà."

"Ó tán nìyẹn! Ṣé ike lo tún fẹ́ fi kí wọn ni?"

Inú bí mi, torí òótọ́ ló sọ.

Kò pẹ́ tí irú rẹ̀ tún fi wáyé. Káàdì ọba méjì ló wà lọ́wọ́ mi, dáyámọ́ǹdì méjì wà nílẹ̀ bíi ti háàtì ìjẹta. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ta àádọ́rin. Bàbá wò mí títí, wọ́n da káàdì wọn dé, wọ́n fi ike ilẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a lọ. Kí wọ́n tó pe ìrun àsárì, gbogbo ike ti wà níwájú mi.

Mo tún dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú, Bàbá."

"Dìde jàre. Mẹ́wàá tó o ta yẹn lo fi rí mi fín. O rò pé mo ti dàgbà kọjá ẹni tí wọ́n ń bá ta ayò."

Bàbá ṣì ń wá lọ́jọ́ Sátidé. Mo máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún wọn, kí n tó jókòó, kí n ta àádọ́rin.