Igi tí mo fi dá táyà dúró

Tí kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀ bá ń jó, tí òórùn rẹ̀ kàn mí nímú, igi lọwọ́ mi máa ń wá.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Dádì mi ń kọ́ Mọ́mì mi ní ọkọ̀ wíwà lórí òkè tí àgbàrá ti gbẹ́, lójú ọ̀nà ilé wa ní Mówè. Mo dúró sílẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ Píjò wa, mo gbé ìtì igi dání tí n óò fi dá táyà dúró.

Òórùn kílọ́ọ̀ṣì gbòde, àárín òkè sì ni ọkọ̀ kú sí. Ló bá ń yí bọ̀ wá sọ́dọ̀ mi.

"Wúrà, igi!" Dádì pariwo.

Mo ju igi sábẹ́ táyà, mo sá. Ọkọ̀ dúró.

Mọ́mì bú sẹ́kún. "Dádì Wúrà, ó tó, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ wà á lọ sílé fúnra yín."

Dádì sọ̀kalẹ̀, ó ń fọwọ́ tọ ara ọkọ̀ lọ títí ó fi kan igi náà. "Ṣé ó dúró dáadáa?" Bẹ́ẹ̀ iwájú rẹ̀ gan-an ló wà. Mo rò pé ó ń dán mi wò ni.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ojú rẹ̀ ti ń fọ́ nígbà yẹn.

Ó padà jókòó ti Mọ́mì. "Tún òkè náà gùn," ló wí. "Èmi kọ́ ni n óò wà á délé."

Bí ọkọ̀ ṣe sún síwájú, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbé igi mi.